Àlejò Tó Ń Fi Etí Wálé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń júwe ilé ní Ketu, Mọ́mì mi ni kẹ́ ẹ bi. "Tẹ́ ẹ bá ti sọ̀ ní Ketu, ẹ kẹ́yìn sí ọjà èso, ẹ máa rìn bọ̀ títí ẹ ó fi dé ibi tí igi máńgòrò wà tẹ́lẹ̀." Wọ́n á sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín rárá. Igi náà ti wó kí n tó wọ ilé-ìwé girama. Ẹni tí kò rí igi náà rí, báwo ni yóò ṣe dá ibi tí kò sí mọ́ mọ̀? Síbẹ̀ àlejò Mọ́mì ń dé. Wọ́n á béèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ pàdé, onítọ̀hún á nawọ́, wọ́n á sì wọlé pẹ̀lú òógùn lójú. Mo máa ń fi Mọ́mì ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Mi ò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ohun tó wà tẹ́lẹ̀ tí kò sí mọ́, ló máa fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì lọ́wọ́ mi.

Ilé tí à ń gbé nígbà yẹn jẹ́ irú èyí tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan là á láàárín. Ẹnu ọ̀nà gbogbo rí bákan náà, nítorí Mọ́mì mi ló rán kọ́tìnì gbogbo wọn. Kọ́tìnì ni wọ́n ń rán fún àwọn olówó Magodo, aṣọ àrán tó nípọn bí ẹní. Èyí tó bá ṣẹ́kù, wọ́n á rán an fún àwọn ará ilé wa. Ògiri wa ti là, òrùlé wa ń jò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo kọ́tìnì wa, ẹ ó rò pé ilé gómìnà ni.

Ohun tó ya ẹnu ọ̀nà kan sọ́tọ̀ sí èkejì ni ẹrù tó wà níwájú rẹ̀. Ìyá Onílé ní dúrọ́ọ̀mù omi. Bàbá Bíríkìlà, tó ti Òkè-Ògùn wá, tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, ní bárò tó fi ń ru yanrìn. Àwa ní sítóòfù onírin ńlá kan tó ti dúdú bí ìkòkò. Kálukú ló mọ ààyè ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sún ẹrù rẹ̀ ní fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ kan wọ ààlà ẹlòmíràn, ìjà dé, gbogbo ilé á sì jáde wá wò ó.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mò ń kọ́, mo sì ti dé kíláàsì àṣekágbá. Àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, ni mo bá di pírójẹ́ẹ̀tì mi, ẹ̀rọ kékeré kan tó ń dá rìn, sínú báàgì, mo gbé e wálé. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ìṣeré ọmọdé ni mo fi ṣe ẹsẹ̀ fún un, abọ́ rọ́bà tí Mọ́mì fi ń bu ìrẹsì ni mo dojú rẹ̀ dé e lórí. Níwájú rẹ̀, ohun róbótó méjì yọ síta. Ẹni tó bá rí wọn á ní ojú ni. Kì í ṣe ojú. Ọ̀kan jẹ́ ẹnu, èkejì jẹ́ etí. Ẹnu ń pa ariwo kan tí ènìyàn kò lè gbọ́, ariwo náà á lọ gbá ògiri, á padà wá, etí á gbọ́ ọ. Bó bá pẹ́ kó tó padà, ògiri jìnnà. Bó bá yá, ògiri wà nítòsí. Gbogbo ìríran rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Onílé ló sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n dúró, wọ́n wò ó títí bó ṣe ń forí sọ ògiri, wọ́n ní, "Àlejò lójú, kì í fi í ríran." Ó parí nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pè é ní nǹkan mìíràn mọ́. Bó bá ń kọjá lọ́dẹ̀dẹ̀, wọ́n á kí i pé, "Àlejò, ẹ káàbọ̀ o, ẹ kú ìrìn." Àgbàlagbà ń kí abọ́ ìrẹsì. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lóṣù yẹn.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí Àlejò ṣe kò ṣòro láti sọ. Ibikíbi tá a bá gbé e kalẹ̀ sí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó fúnra rẹ̀ mọ ibi tó wà, kó sì máa bọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà wa. Ṣíṣe é ló jẹ mí níyà. Kí ó tó lè mọ ibi tó wà, ó gbọ́dọ̀ ní máàpù. Kí ó tó lè ya máàpù, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tó dúró sí. Èwo ni yóò ṣáájú? Mo rò ó títí orí fi fọ́ mi. Àṣé méjèèjì ni yóò máa ṣe pọ̀. Á rìn díẹ̀, á ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yí, á fetí sílẹ̀, á ya ohun tó gbọ́, á tún rìn díẹ̀. Ẹsẹ̀ máa ń parọ́, torí bó bá gun yanrìn, á máa yí lójú kan, á rò pé òun ń rìn. Etí ló máa ń tú ẹsẹ̀ láṣìírí.

Wáyà gígùn kan so mọ́ ìdí rẹ̀ bí ìrù, ó lọ títí dé ìdí kọ̀ǹpútà tokunbọ̀ tó wà ní pálọ̀ wa. Lójú kọ̀ǹpútà yẹn ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ti ń yọ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí àwọn àmì dúdú tó tẹ̀ kọrọdọ níbi tó yẹ kí dúrọ́ọ̀mù wà, mo pariwo. Mọ́mì sáré jáde pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́.

"Kí ló dé? Ṣé iná ló jó ẹ ni?"

"Mọ́mì, ẹ wò ó! Dúrọ́ọ̀mù Ìyá Onílé nìyẹn!"

Wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n wò mí. "Èyí tí mò ń rí lójoojúmọ́ yẹn náà lò ń pariwo lé lórí?" Ṣùgbọ́n wọn ò lọ. Wọ́n tún un wò, ni wọ́n bá pe Bàbá Bíríkìlà. Bàbá ní òun fẹ́ rí bárò òun. Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n ní, "Ó mà tẹ̀ lápá kan." Mo ní, "Bó ṣe tẹ̀ náà nìyẹn, Bàbá." Wọ́n lọ wo bárò wọn, ó tẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n padà wá, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́.

Ọ̀tá Àlejò ni kọ́tìnì Mọ́mì. Àrán kì í dá ohùn padà. Ariwo á wọnú rẹ̀, á gbé e mì, kò ní jẹ́ kó bọ̀ mọ́. Nítorí náà, lójú Àlejò, ibi tí kọ́tìnì wà jẹ́ ọ̀nà gbọọrọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó gba abẹ́ kọ́tìnì wọlé tọ Bàbá Bíríkìlà lọ níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ̀bà. Mo sáré tẹ̀ lé e láti bẹ̀bẹ̀, mo bá wọn tí wọ́n na ọwọ́ ọbẹ̀ sí i, wọ́n ní, "O bá mi ire o."

Mo lọ bá Mọ́mì, mo ní kọ́tìnì wọn ti nípọn jù, Àlejò ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀, aṣọ ń gbé ohùn ẹ̀ mì. Inú bí wọn. "Kọ́tìnì tí ìyàwó lọ́yà ń fọwọ́ pa ní Magodo, tí wọ́n ń sọ pé ó ga jù! Ẹ̀rọ ẹ ni ò ríran. Má bà mí lórúkọ jẹ́." Wọ́n pòṣé, wọ́n padà sídìí máṣíìnì wọn. Mo rò pé etí kan ni wọ́n fi gbọ́ ọ.

Ìgbà tó yá ni mo dọ́gbọ́n sí i. Mo jẹ́ kí Àlejò mọ̀ pé ibi tí ohùn kò bá ti padà, ẹnu ọ̀nà ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹnu ọ̀nà ló dákẹ́ bákan náà. Ẹrù níwájú wọn ló kù tí yóò fi dá wọn mọ̀. Bí mo bá tan Àlejò, ojú kọ̀ǹpútà á kún fún àmì kéékèèké káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí ẹ̀wà tó dà sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ibi kan tó rò pé òun lè wà. Á rìn díẹ̀, á gbọ́ dúrọ́ọ̀mù. Àwọn àmì tí kò sí nítòsí dúrọ́ọ̀mù á kú. Á tún rìn, á gbọ́ bárò. Òmíràn á tún kú. Èyí tó kù á ṣù jọ sójú kan, Àlejò á sì mọ̀ dájú pé ibi tí òun wà nìyí. Bó bá ti gbọ́ sítóòfù wa báyìí, á yà, á dúró, ó délé. Ìgbà tó kọ́kọ́ ṣe é, mo gbé abọ́ ìrẹsì yẹn mọ́ra, mo fi jó láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé.

Ó wá ku kí Ọ̀gá mi rí i. Ọ̀gá yìí ni olùkọ́ tó ń bójú tó pírójẹ́ẹ̀tì mi. Magodo ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ti rí iṣẹ́ sí òkè òkun, ọjọ́ Àìkú ni ọkọ̀ òfuurufú wọn. Bí wọn ò bá fojú ara wọn rí i pé Àlejò ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó lọ, ẹlòmíràn ni yóò gbà mí, màá bẹ̀rẹ̀ pírójẹ́ẹ̀tì mìíràn látìbẹ̀rẹ̀, màá sì lo ọdún kan sí i. Ọdún kan sí i túmọ̀ sí kí Mọ́mì tún tẹ̀ mọ́ ìdí máṣíìnì fún ọdún kan, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ti ń dùn wọ́n. Mo lọ bẹ Ọ̀gá. Wọ́n ní, "A ti daṣẹ́ sílẹ̀, mi ò lè ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí n má lọ kí èèyàn nílé. Saturday ńkọ́?" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ wọn.

Láàárọ̀ Saturday, mo dán Àlejò wò láti gbogbo igun. Gbogbo rẹ̀ ló bọ́ sí i, ó ń wálé bí ẹyẹlé. Mo ní kí n lọ dúró de Ọ̀gá ní géètì Magodo fúnra mi, torí bí Mọ́mì bá júwe ilé fún wọn, ìdí igi máńgòrò ni wọn yóò máa wá kiri títí ọkọ̀ òfuurufú á fi gbéra. Bí mo ṣe ń jáde, gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo sọ fún Mọ́mì. Mo ní, "Ọ̀gá ń bọ̀ o." Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ jẹ́ Yorùbá, ẹ ti mọ ohun tí gbólóhùn yẹn lè dá sílẹ̀.

Nígbà tí èmi àti Ọ̀gá wọlé, mo rò pé mo ṣìlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ fóò. Wọ́n ti fi ọṣẹ fọ ilẹ̀, omi ṣì wà níbẹ̀ tó ń dán. Kò sí dúrọ́ọ̀mù, kò sí bárò, kò sí ẹrù kankan. Bàbá Bíríkìlà wọ bùbá funfun tí wọ́n fi ń lọ sí ìdúpẹ́, Ìyá Onílé kó ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn. Gbogbo ilé tò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mọ́mì gbé tíréè onírin ńlá kan dání, abọ́ ìpanu ṣinṣin wà lórí rẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má wo bí ilé wa ṣe rí."

Mo fà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mọ́mì, dúrọ́ọ̀mù dà?"

"Ó wà lẹ́yìnkùlé."

"Bárò ńkọ́?"

"Ẹ̀yìnkùlé náà ni. Kí lo ń wò mí báyìí fún?"

"Sítóòfù wa ńkọ́?"

Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo ti gbé e fún ọkùnrin tó ń ra àlòkù irin. Ṣé irú sítóòfù yẹn ni Ọ̀gá ẹ máa wá bá lẹ́nu ọ̀nà wa?"

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n sunkún. Kí n tó la ẹnu, Ọ̀gá ti gbé Àlejò lọ sí ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti tẹ bọ́tìnnì. "Ó yá, kó máa bọ̀ nílé."

Ẹsẹ̀ Àlejò yọ̀ nínú omi ọṣẹ, ó ń yí lójú kan ṣìnṣìn. Lójú kọ̀ǹpútà, ó rò pé òun ti la ògiri kọjá, òun ti ń sún mọ́ Ògúdù. Nígbà tó wá rí ilẹ̀ tẹ̀, ó fetí sílẹ̀. Ògiri, ìdákẹ́jẹ́, ògiri, ìdákẹ́jẹ́. Kò gbọ́ dúrọ́ọ̀mù, kò gbọ́ bárò, ẹ̀wà rẹ̀ sì fọ́n ká síbẹ̀. Ó yípo, ó tún yípo, ló bá fi tagbáratagbára gba abẹ́ kọ́tìnì wọ yàrá Ìyá Onílé. A gbọ́ ìró ìkòkò tó ṣubú.

"Àlejò, ibẹ̀ kọ́ o!" Ìyá Onílé ló wí bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ọ̀gá wo aago ọwọ́ wọn. "Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyí?"

"Rárá, sà. Wọ́n ti palẹ̀ ilé mọ́ ni, sà."

"Wọ́n ṣe kí ni?"

"Wọ́n palẹ̀ ilé mọ́, sà. Torí tiyín ni. Àwọn ẹrù tó fi ń mọ ọ̀nà ni wọ́n kó kúrò."

Ọ̀gá wo ilẹ̀ tó ń dán, wọ́n wo bùbá funfun Bàbá, wọ́n wo ìlẹ̀kẹ̀ Ìyá Onílé. Lójijì ẹ̀rín bú lẹ́nu wọn, wọ́n rín in títí wọ́n fi fara ti ògiri. "Máàpù ẹ wà, ilé ni ò sí mọ́!" Nígbà tí wọ́n nu ojú tán, wọ́n wá ní, "Ṣùgbọ́n gbọ́, ọmọ mi, mi ò lè kọ ọ́ pé ó ṣiṣẹ́ tí mi ò bá rí i kó ṣiṣẹ́. Mi ò sì lè padà wá."

Mọ́mì gbọ́ ọ. Mo rí i tí ojú wọn yí padà, ẹ̀rù sì bà mí nítorí tiwọn ju nítorí tèmi lọ. Ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́.

"Ó yá o, gbogbo ilé! Kálukú kó ẹrù ẹ̀ padà!"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, bí mo bá rántí rẹ̀ nínú ìjọsìn, mo gbọ́dọ̀ bojú. Bàbá Bíríkìlà fi bùbá funfun ti bárò wọlé. Àwọn kan ń fi àkísà nu ilẹ̀, àwọn kan ń yí dúrọ́ọ̀mù bọ̀, omi ń dà, wọ́n tún ń nu ún. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ níwájú àlejò pàtàkì.

"Ìyá, dúrọ́ọ̀mù yín ò dé ibí yìí rí!"

"Ilé ta ni? Ẹ wo àpá ìdí ẹ̀ nílẹ̀ o! Ṣé èmi ni mo fi ìpẹtà yà á síbẹ̀?"

"Kẹ́ ẹ sún un sọ́hùn-ún. Àná gan-an la jà lórí ẹ̀!"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Àwọn èèyàn tó ti ń bára wọn jà lórí fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ láti ọdún gbọọrọ, ta ló tún mọ ààyè ẹrù jù wọ́n lọ? Wọ́n jà títí gbogbo nǹkan fi bọ́ sí ojú ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọ̀gá ń wò wọ́n bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

Sítóòfù wa nìkan ni kò sí. Ẹnu ọ̀nà tó yẹ kí Àlejò mọ̀ jù lọ ṣófo. Mọ́mì wo ibẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tí a máa ń gbé sítóòfù lé.

"Mọ́mì, aṣọ yín máa gbé ohùn..."

Wọn ò jẹ́ kí n parí ẹ̀. Wọ́n gbé abọ́ ṣinṣin fún Ọ̀gá, "Ẹ bá mi di èyí mú, sà," wọ́n sì gbé tíréè náà dúró gbọọrọ níwájú orúnkún wọn. "Ṣebí aṣọ ni kì í dá ohùn padà? Irin ńkọ́?"

Ẹnu mi wà ní yíyà sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń pòṣé nídìí máṣíìnì yẹn, wọ́n ń gbọ́ mi.

Mo gbé Àlejò lọ sí ìpẹ̀kun, mo tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀wà dà sójú kọ̀ǹpútà. Ó rìn, ó gbọ́ dúrọ́ọ̀mù, púpọ̀ nínú wọn kú. Ó rìn, ó dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, mo sì gbàgbé láti mí. Ó yí orí díẹ̀, ó gbọ́ bárò. Àwọn tó kù ṣù jọ bí adìẹ tó rí ẹni tó ń fọ́n àgbàdo. Ṣinṣin wà lẹ́nu Ọ̀gá, wọn ò jẹ ẹ́. Àlejò ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó kọjá kọ́tìnì kan, ó rọra, ó yà, imú rẹ̀ kan tíréè, ó sì dúró.

Ohùn Mọ́mì wá láti ẹ̀yìn tíréè. "Ṣé ó ti dé?"

"Ó ti dé, Mọ́mì."

Ariwo tó sọ nínú ilé yẹn, ẹni tó wà ní Mile 12 á gbọ́. Ìyá Onílé ń jó, ìlẹ̀kẹ̀ ń lù. Bàbá Bíríkìlà gbé Àlejò sókè pẹ̀lú wáyà ìdí rẹ̀, wọ́n ń sọ fún un pé, "O ṣe ọmọ!" Ọ̀gá kò rí tábìlì, ẹ̀yìn tíréè yẹn ni wọ́n fi ṣe tábìlì, wọ́n fọwọ́ sí ìwé mi. Mọ́mì ò tí ì dìde lórí búlọ́ọ̀kù. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ fún Ọ̀gá pé kí wọ́n jẹ ṣinṣin wọn tán.

Owó oṣù mi àkọ́kọ́, sítóòfù tuntun ni mo fi rà, èyí tó ń dán. Mọ́mì gbàdúrà fún mi gan-an, wọ́n sì ní kí n gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo ní, ẹnu ọ̀nà ńkọ́? Wọ́n ní ẹnu ọ̀nà ti lẹ́ni tó ni ín. Orí búlọ́ọ̀kù yẹn ni wọ́n ti wá ń jókòó gba afẹ́fẹ́ nírọ̀lẹ́. Wọn ò sì fi igi máńgòrò júwe ilé fún ẹnikẹ́ni mọ́. "Ẹ kẹ́yìn sí ọjà èso," wọ́n á wí, "ẹ máa bọ̀ títí ẹ ó fi rí mi."